Ẹ̀rọ Aláìsí

Aago mẹ́rin ìdájí ni iná máa ń dúró dáadáa ní Kétu,
ìgbà náà ni mo máa ń bí wọn.
Lónìí mo bí mẹ́fà:
ẹ̀rọ atọ́nà mẹ́fà tí kò ní ike, tí kò ní bátìrì,
tí ọwọ́ kankan kò lè dì mú.
Nọ́ńbà lásán ni wọ́n, wọ́n ń mí nínú kọ̀ǹpútà mi,
wọ́n sì ń purọ́ fún un láìṣẹ́jú:
“Mo wà lójú ọ̀nà. Ojú ọ̀run mọ́. Sátẹ́láìtì mẹ́sàn-án ń wò mí.”
Irọ́ ni. Orí tábìlì ni wọ́n wà,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife gàrí tí mo mu kù lánàá.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún mi nìyẹn.
Ilé-iṣẹ́ kan ní Kútọnu ń tún àwòrán ọ̀nà ṣe;
kó tó dé ọwọ́ awakọ̀ tó ń kó kaṣú lọ sí èbúté,
ẹ̀rọ aláìsí ni kó kọ́kọ́ ṣìnà,
kí ọmọ ènìyàn má baà ṣìnà.

Mo gbé àtúnṣe tuntun fún èkíní, ó gbé e mì, ó dákẹ́.
Èkejì, mo já okùn rẹ̀
nígbà tí òkèlè náà dé ìdajì ọ̀fun.
Ó gbàgbé ibi tó wà, ó ní òdo lòun wà,
òdo lóròó, òdo níbùú.
Gúúsù wa níbẹ̀, láàárín òkun, ni òdo méjì ti pàdé;
ibẹ̀ ni ẹ̀rọ tó bá gbàgbé ilé máa ń rì sí.
Mo kọ ọ́ sílẹ̀: ó rì.
Mo pa á. Mo tún un bí.

Ta ní ń ṣọ̀fọ̀ ọmọ tí kì í sunkún?

Ẹ̀kẹta dé ìkarùn-ún, ẹ jẹ́ n fò ó:
wọ́n ṣe bí ọmọ ilé-ìwé rere,
wọn kò kọ́ mi ní nǹkan kan.

Ẹ̀kẹfà ni mo rán ní Ìlárá.
Ẹnu Àkàbà Ìdénà ni mo ti gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀,
ibi tí àlejò àtijọ́ ti ń dúró, tí wọ́n ń bi í pé ọmọ ta ni.
Èyí kọjá láìkí ẹnikẹ́ni, kò tú erùpẹ̀ kan.
Ó la oko kaṣú kọjá, ó gun afárá onípákó,
ó sọdá odò,
ó dúró.
Ó fi Faransé sọ pé kò sí ọ̀nà níbí, kí n yí padà.

Kò sí ọ̀nà?
Abíọ́nà lorúkọ mi.
Ibi tó ń wí yẹn gan-an ni ìyá mi kúnlẹ̀ sí
lọ́jọ́ tí taya mọ́tò Akínṣọlá bẹ́,
lábẹ́ igi ìyeyè, tí wọ́n fi etí ìró wé mi.

Ìyá jí, ó wá dúró lẹ́yìn mi, pákò lẹ́nu.
Ó rí àmì búlúù tó ń lọ tó ń bọ̀ létí odò
bí ewúrẹ́ tó sọ olówó rẹ̀ nù.
“Ta ló ń rìnrìn àjò nírú àkókò yìí?”
“Kò sẹ́ni, Ìyá. Ẹ̀rọ tí kò sí ni, lójú ọ̀nà tó wà.”
“Ó wá ní ọ̀nà ni kò sí?”
“Bẹ́ẹ̀ ni.”
Ó tutọ́ pákò sí ojú fèrèsé, ó rẹ́rìn-ín:
“Ẹni tí kò sí ló ń pe ọ̀nà ní aláìsí!
Ní kó bi ìdodo rẹ léèrè. Ibẹ̀ la rì ìwọ́ rẹ mọ́.”

Mo fa ìlà kan láti etí odò dé ìdí ìyeyè, títí dé Ìlárá.
Mo tún un rán.
Ìyá tẹjú mọ́ ọn títí ó fi sọdá,
ó ní, “Ẹ kú ìrìn o.”

Lábẹ́ igi, àmì búlúù náà dúró díẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin.
Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí àbùkù.
Lẹ́yìn náà ó ń bá tirẹ̀ lọ.